Dókítà Ilé Télọ̀

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ti fi orúkọ iṣẹ́ pe ọmọ yín kó tó mọ ìwé kà, ẹ sún mọ́ ibí. Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n ń fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ pè, tí ẹ sì ń jẹ́ ẹ nítorí pé ó dùn létí, ẹ̀yin gan-an ni kí ẹ sún mọ́ jù.

Ọmọ ọdún mẹ́ta ni ọmọbìnrin yìí lọ́jọ́ tí bàbá rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, ń wúkọ́ nídìí máṣìnnì rẹ̀. Ọmọ náà rìn lọ bá a, ó gbé ọwọ́ lé e láyà, ó ní, "Pẹ̀lẹ́." Ikọ́ náà dá.

Ọmọ tí kò mọ "pẹ̀lẹ́" í sọ fún ẹni tó ń wúkọ́ ṣọ̀wọ́n láàrin wa. Ikọ́ náà pàápàá ti ń lọ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn? Bàbá lọgun pe ìyàwó rẹ̀, tó ń dirun fún oníbàárà níwájú ilé.

"Ìyá ẹ̀, sáré wá! Dókítà la bí!"

Láti ọjọ́ náà, orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ náà di ohun tí kò sẹ́ni tó ń pè mọ́. Dókítà ni nínú ilé, Dókítà ni ládùúgbò. Bàbá pa ohun tó wà lára pátákó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ rẹ́, ó kọ ọ́ tuntun: BÀBÁ DÓKÍTÀ, ARÁNṢỌ TÓ MỌṢẸ́. Ọmọ náà ò tíì parí ilé ìwé girama tí bàbá ti rán ẹ̀wù funfun àwọn dókítà fún un, tòun ti àpò ńlá níwájú, tó sì gbé e wọ ère ojú fèrèsé. Oníbàárà tó bá wá wọn ṣòkòtò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yin ẹ̀wù náà. Ẹni tí kò bá yìn ín, ṣòkòtò rẹ̀ lè fún un nídìí.

Ẹ má rò pé olódo ni ọmọ náà o. Orí rẹ̀ pé, ó sì wọ yunifásítì wẹ́rẹ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ ni pé gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì máa ń wà pa pọ̀ lọ́dún àkọ́kọ́. Tí ọdún bá parí, kálukú á yan ẹ̀ka tó wù ú, máàkì rẹ̀ ni yóò sì sọ bóyá ẹ̀ka náà á gbà á. Ìmọ̀ ìṣègùn ló ṣòro jù láti wọ̀. Kí wọ́n má bàa fi ojú afọ́jú yàn, wọ́n máa ń mú wọn káàkiri lọ wo iṣẹ́ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n mú wọn lọ sí ọsibítù. Ẹ̀jẹ̀ ò bà á lẹ́rù. Ká ní ẹ̀rù ló bà á ni, ìtàn yìí ì bá rọrùn láti sọ, gbogbo wa ì bá sì ṣàánú rẹ̀. Ó wo ẹ̀jẹ̀, ó wo egbò, ó wo dókítà tó ń fi abẹ́rẹ́ ran awọ èèyàn bí ìgbà tí bàbá rẹ̀ ń ran etí aṣọ, ó sì yán. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́: ó yán, omi sì bọ́ lójú rẹ̀ nítorí oorun.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n mú wọn lọ sí oko ilé ìwé. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní Baba Oníkòtò ló ń dúró dè wọ́n, inú kòtò tó jìn dé àyà rẹ̀ ló sì dúró sí. Ògiri kòtò náà rí bí aṣọ tí wọ́n ká léra wọn: dúdú lókè, pupa láàrin, àwọ̀ eérú nísàlẹ̀.

"Ẹ kí i," ni Baba Oníkòtò wí.

"Ẹ kí ta, sà?"

"Ilẹ̀ ni. Látìgbà tẹ́ ẹ ti ń rìn lẹ ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú yín tó kí i rí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó bu ilẹ̀ díẹ̀, ó ta omi sí i, ó pò ó nínú àtẹ́lẹwọ́, ó wá ń fi àtàǹpàkò tì í jáde pẹlẹbẹ lórí ìka rẹ̀ bíi rìbọ́nù. Ó ṣàlàyé pé ilẹ̀ tó bá lámọ̀ dáadáa máa nà gùn kó tó já, àti pé èyí tó jẹ́ kìkì iyanrìn ò ní nà rárá. Ó ní kí wọ́n gbìyànjú ẹ̀. Ti àwọn tó kù ń já. Ti Dókítà ń nà, ó ń nà, títí tó fi so rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Baba Oníkòtò wò ó. "Kí lo fẹ́ kà, ọmọ yìí?"

"Ìmọ̀ ìṣègùn, sà."

"Ó mà ṣe o," ni bàbá náà wí, ó sì kọjú sí ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún dé egungun. Lọ́jọ́ kejì, ó dá nìkan padà lọ sídìí kòtò náà. Ó tún lọ lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Kò yán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nígbà tí ọdún parí, máàkì rẹ̀ pé fún ìmọ̀ ìṣègùn, ó tiẹ̀ ṣẹ́kù. Orúkọ rẹ̀ jáde lára àwọn tí wọ́n gbà. Gbogbo ohun tó kù kò ju kó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà kó gbà pé òun ń bọ̀. Ó jókòó. Ó wo ibi tí wọ́n kọ ìmọ̀ ìṣègùn sí, ó wo ibi tí wọ́n kọ ìmọ̀ ilẹ̀ sí. Ó di ojú, ó là á. Ilẹ̀ ló tẹ̀.

Ó ní in lọ́kàn láti sọ fún bàbá rẹ̀. Ó tiẹ̀ ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu kó tó pè é.

"Dókítà mi!" ni bàbá wí lórí fóònù. "Ṣé wọ́n ti mú ẹ?"

"Wọ́n ti mú mi, bàbá, àmọ́..."

Àmọ́ ta ni? Bàbá ti ju fóònù sílẹ̀ sórí aṣọ oníbàárà. Ọmọ náà ń gbọ́ igbe ayọ̀, ó ń gbọ́ ohùn Káfíńtà aládùúgbò wọn tó ń pàtẹ́wọ́, ó ń gbọ́ ìyá rẹ̀ tó fi irun oníbàárà sílẹ̀ ní ìlàjì. Ó dúró, ó dúró, ó pa fóònù.

Ẹ wò ó, kò purọ́. Wọ́n mú un lóòótọ́. Òun ló kàn ò lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé irọ́ nìkan ló ń tan èèyàn jẹ; òótọ́ tí wọ́n gé láàbọ̀ mọ iṣẹ́ náà jù ú lọ.

Ìgbà tó wálé fún ìsinmi ni ìdẹwò gan-an bẹ̀rẹ̀. Ó ti pinnu pé òun máa sọ ọ́ kí òun tó gbé báàgì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá Àgbà, dìde lórí àga alápá fún un. Màmá Àgbà kì í dìde fún ẹnikẹ́ni. Káfíńtà, tó ju bàbá rẹ̀ lọ lọ́jọ́ orí, ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. Ọmọ náà jókòó sórí àga náà, tìmùtìmù ibẹ̀ rọ̀, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé tó bá di ọ̀la.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́ mà," ni Káfíńtà wí, "ẹ̀yìn ń dùn mí, mi ò lè tẹ̀ mọ́."

Kí ni kó sọ? "Ẹ máa mu omi dáadáa," ni ó wí, "kẹ́ ẹ sì sinmi."

Káfíńtà fi pákó àti òòlù sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ó ń mu omi. Ẹ̀yìn rẹ̀ san. Ẹ̀yìn ta ni kò ní san tí kò bá gbé pákó fún ọ̀sẹ̀ kan? Ṣùgbọ́n Káfíńtà ń rìn káàkiri àdúgbò, ó ń tẹ̀, ó ń nà.

"Àwọn tó wà ní ọsibítù á kó òògùn rẹpẹtẹ lé ẹ lọ́wọ́," ni ó ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. "Tiwa yìí, omi lásán! Ìwé ti wọ̀ ọ́ lára!"

Orí Màmá Àgbà fọ́. Omi àti ìsinmi. Ó san. Inú oníbàárà ìyá rẹ̀ kan run. Omi àti ìsinmi. Ó san. Ó wá yé ọmọ náà pé ọ̀pọ̀ àìsàn ló máa ń bá tiẹ̀ lọ fúnra rẹ̀, ẹni tó bá dúró sítòsí nígbà tó ń lọ ló ń gba ọpẹ́. Ọpẹ́ sì dùn. Ẹni tí kò bá tíì gba ọpẹ́ tí kò ṣiṣẹ́ fún rí lè má mọ bó ṣe dùn tó.

Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ìyá rẹ̀ tú báàgì rẹ̀ láti fọ aṣọ. Ẹ̀wù funfun tí bàbá rán fún un ló máa ń wọ̀ lọ sí kòtò, nítorí náà ilẹ̀ pupa ti rin ín láyà àti lápá. Ìyá pariwo. Bàbá sáré wọlé.

"Ẹ̀jẹ̀ nìyẹn!" ni bàbá wí, omi sì lé sí i lójú. "Ẹ wo ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ọmọ mi gbà là!"

Kò jẹ́ kí wọ́n fọ̀ ọ́. Ó gbé e kọ́ sórí okùn níwájú ilé, níbi tí gbogbo ẹni tó ń kọjá á ti rí i. Ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo amọ̀ tí wọ́n ń júbà fún. Ẹ̀rín ń gbọ̀n ọ́n, ìtìjú ń gbọ̀n ọ́n.

Bọ́rọ̀ ṣe rí nìyẹn títí ọdún fi yí ọdún. Lọ́jọ́ kan, bàbá pè é lórí fóònù.

"Dókítà, ìmọ̀ràn ẹ yìí ń ṣiṣẹ́ lára èmi náà o! Omi tí mò ń mu báyìí, mi ò lè dá a dúró. Kẹ́ẹ̀gì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣìnnì mi. Mo sì ń tọ̀ ṣáá. Gbogbo ìdọ̀tí ara ló ń jáde. Mo ti tẹ́ẹ́rẹ́, ìyá ẹ ní mo tún ti di ọ̀dọ́mọkùnrin."

"Ẹ ṣeun, bàbá," ni ọmọ náà wí. "Ẹ máa bá a lọ."

Ẹ̀yin tí ẹ mọ àtọ̀gbẹ, ẹ ti ń gbá orí yín mú. Òǹgbẹ tí kì í tán, ìtọ̀ ṣáá, kí ara máa rù láìgbààwẹ̀. Dókítà gidi ì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kí bàbá tó sọ̀rọ̀ tán. Tiwa yìí ń lọ gbẹ́ kòtò.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí bàbá tún pè. Ó ní abẹ́rẹ́ kan já bọ́ nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, òun tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, òun ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Ó ní ìka ẹsẹ̀ náà ń dúdú díẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni, ẹsẹ̀ tó fi ń tẹ pẹ́dà máṣìnnì, èyí tó fi bọ́ gbogbo wọn láti ìgbà tí wọ́n ti dé ayé.

Ọmọ náà ní, "Bàbá, ẹ lọ sí ọsibítù lónìí."

"Ọsibítù kẹ̀? Kí n bí dókítà sílé, kí n tún lọ tò lẹ́yìn ẹni ẹlẹ́ni? Ṣé kí ayé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni? Ìwọ ni mò ń dúró dè."

Ó wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tó wọ yàrá bàbá rẹ̀, òórùn ẹsẹ̀ náà ló kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Ìka méjì ti dúdú bí èédú. Ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó gbé ife omi dání. Màmá Àgbà wà níbẹ̀, Káfíńtà wà níbẹ̀, ojú wọn sì tàn bí wọ́n ṣe rí i.

"Dókítà ti dé!" ni Káfíńtà wí. "Ó parí!"

Ọmọ náà kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Èmi kì í ṣe dókítà. Mi ò kọ́ ìṣègùn rí. Ẹ jẹ́ ká gbé bàbá lọ sí ọsibítù."

Màmá Àgbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ gbọ́ ìrẹ̀lẹ̀!" ni ó wí. "Ẹ ò rí ọmọ tí wọ́n kọ́ tó gbẹ̀kọ́?"

"Dókítà tó bá dáńtọ́ kì í pe ara ẹ̀ ní dókítà," ni Káfíńtà wí, ó ń mi orí.

"Màmá, ilẹ̀ ni mò ń kọ́! Ilẹ̀ tí à ń rìn lé!"

"Ilẹ̀ náà ni," ni Màmá Àgbà wí. "Ṣé kì í ṣe inú ilẹ̀ ni gbogbo ewé àti egbò ti ń hù ni? Wọ́n ti ń kọ́ ọ láti ìpìlẹ̀."

Ọmọ náà wo ojú wọn yí ká, ó rí i pé kò sí òótọ́ tó lè wọ ibẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ti mọ ilẹ̀kùn náà pa. Ó dìde, ó nu ojú nù, ó na ẹ̀yìn ró.

"Ó dáa," ni ó wí. "Èmi dókítà yín ni mo pàṣẹ. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíá."

"Ẹ̀n-ẹ́n!" ni gbogbo wọn wí. Káfíńtà ti gbé bàbá pọ̀n kó tó pa ẹnu dé.

Ọsibítù kún. Dókítà tó wá yẹ bàbá wò jẹ́ obìnrin kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ dàgbà ju ọmọ náà lọ. Ó wo ẹsẹ̀ náà, ó fa ojú ro. Ó gbé abẹ́rẹ́ láti gba ẹ̀jẹ̀, ni bàbá bá na ọwọ́ sókè.

"Ẹ dúró ná, mà. Dókítà mi nìyí. Ẹ kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ gbọ́ èdè ara yín."

Inú obìnrin náà dùn. "Ẹ káàbọ̀. Kí lẹ ti ń fún bàbá láti ìgbà yìí?"

Gbogbo ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì ń wò ó. Ìyá rẹ̀ ń wò ó.

"Omi," ni ọmọ náà wí.

"Omi kẹ̀? Omi àti kí ni?"

"Àti ìsinmi."

Obìnrin náà rọra gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Níbo lẹ ti ń kọ́ ìṣègùn?"

"Mi ò kọ́ ọ, mà. Ìmọ̀ ilẹ̀ ni mò ń kà. Mo ti sọ fún wọn nílé, wọn ò gbà."

"Bàbá ń tọ̀ ṣáá, òǹgbẹ ń gbẹ wọ́n, ẹ sì ní kí wọ́n máa mu omi?" Ohùn obìnrin náà lọ sókè. "Àtọ̀gbẹ ti jẹ wọ́n dé ẹsẹ̀! Ẹ wo ohun tẹ́ ẹ ṣe!"

Kò sí àga alápá níbẹ̀ tí ọmọ náà lè sá sí. Lẹ́nu ẹni tó wọ ẹ̀wù funfun ni òótọ́ náà ti wá wọ bàbá rẹ̀ létí. Bàbá ò pariwo. Ó kàn ń wo ọmọ rẹ̀ títí wọ́n fi tì í wọlé lórí kẹ̀kẹ́.

"Èmi ti mọ̀ tipẹ́," ni Màmá Àgbà wí kí kẹ̀kẹ́ náà tó yà. "Ìkọ̀wé ọmọ yẹn hàn jù. Ìkọ̀wé dókítà kì í ṣeé kà, èmi sì ń ka tiẹ̀ geere." Káfíńtà di ẹ̀yìn mú, ó ní láti àná ló tún ti ń ta òun.

Wọ́n gé ìka méjèèjì. Ẹsẹ̀ tó kù yè. Obìnrin dókítà náà ní tí bàbá bá ń lo òògùn, tó sì ń ṣọ́ ohun tó ń jẹ, yóò tún tẹ pẹ́dà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa kọ́ ọ bí ọmọ iṣẹ́. Ká ní wọ́n tún falẹ̀ sí i ni, ó ní, gbogbo ẹsẹ̀ náà ni ì bá lọ, bóyá ẹ̀mí pẹ̀lú.

Nígbà tí wọ́n gbà kí wọ́n wọlé kí i, ọmọ náà dúró sí ìsàlẹ̀ ibùsùn, kò lè wo òkè. Bàbá na ọwọ́ sí i.

"Sún mọ́ mi." Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Wọn ò mú ẹ ni, àbí? Ìṣègùn ò mú ẹ, ojú wá ń tì ẹ́ láti sọ fún mi. Má sunkún. Ìwé le. Èmi ni mo di ẹrù tó pọ̀ jù lé ẹ lórí. Tó bá jẹ́ pé wọn ò mú ẹ ni, mo ti dárí jì ẹ́."

Ìyá rẹ̀ ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó ń nu ojú. Màmá Àgbà ti ń múra láti ṣépè fún àwọn tó ń ṣètò ìgbaniwọlé. Kó sáà mi orí pẹ̀lú wọn ni, gbogbo rẹ̀ ì bá parí síbẹ̀, wọ́n á sì tún máa kẹ́ ẹ. Ó sọ fún mi pé nínú gbogbo ìdẹwò tó dé bá òun, kò sí èyí tó dùn tó ìyẹn.

"Wọ́n mú mi, bàbá."

"Kí lo wí?"

"Ìṣègùn mú mi. Máàkì mi pé. Èmi ni mo fi í sílẹ̀. Ilẹ̀ ló wù mí."

Bàbá jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó kọjú sí àjà.

"Ó wù ẹ́ tó bẹ́ẹ̀?"

"Ó wù mí, bàbá. Ó ṣì ń wù mí."

"Kí ló wá dé tí o ò sọ fún mi lọ́jọ́ náà?"

"Mo rò pé ẹ máa bínú ni."

"Ǹ bá bínú," ni bàbá wí. "Ǹ bá bínú gan-an. Ó ṣeé ṣe kí n má bá ẹ sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù." Ó wo ìsàlẹ̀ ibùsùn, níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì dì nà sí. "Ṣùgbọ́n ìbínú mi ò gé ìka ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni rí."